Èsì sí “àtúntò ọrọ̀ ajé”: ì- ló yẹ níbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Arákùnrin wa tó ń gbé ní London fi àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ká máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2023 ní “àtúntò ọrọ̀ ajé” (economic reform lédè Gẹ̀ẹ́sì), ká máa pe náírà tí ìjọba jọ̀wọ́ fún ọjà, kí ọjà máa dá iye lé e, ní “ìléfòó náírà”, kí ọjà tó ń gbówó lórí sì máa jẹ́ “ọ̀wọ́ngógó”. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́ fún un. Alàgbà wa láti Ìjẹ̀bú-Òde tilẹ̀ ní ká kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn oníròyìn kí wọ́n máa lò ó. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ìtúntò ni mo fẹ́, kì í ṣe àtúntò. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, arákùnrin wa kò sì wo ilé yìí délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àmì ohùn, torí ó ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ “ọ̀rọ̀ ajé” nínú lẹ́tà rẹ̀. Ọrọ̀ ni o! Ohùn àárín ló wà lórí ọ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ là ń fẹnu sọ, ọrọ̀ là ń kó jọ. Àwọn ìwé ìròyìn ń ṣe àṣìṣe yìí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń rí i níbẹ̀ wọ́n ń dà á kọ. Tí àwa tí a péjọ síbí nítorí èdè bá tún ń ṣe é, ta ló máa bá wa tọ́jú rẹ̀?

Ó kan à-, àfòmọ́ tó wà níwájú àtúntò.

Ẹ wo àkójọ, kí ẹ wo ìkójọ. Àkójọ ti wà nílẹ̀, ẹ lè nawọ́ mú un. Ìkójọ ni iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Àpapọ̀ ni iye tó jáde, ìpapọ̀ ni pípa á pọ̀. Àgbékalẹ̀ ni ohun tí a ti gbé kalẹ̀ tán tí gbogbo ayé ń wò. Bí a bá pe nǹkan ní àtúntò, etí tó gbọ́ Yorùbá dáadáa máa gbọ́ pé wọ́n ti tò ó tán, ká wá wò ó bóyá ó gún. Arábìnrin wa onímọ̀ gírámà ní Ifẹ̀ dáhùn pé àlọ àti àbọ̀ wà, pé iṣẹ́ ni àwọn náà ń dárúkọ, kì í ṣe èso iṣẹ́. Mo gbà pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n àlọ ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tó parí sí. Ẹ ò lè wà nínú àlọ fún ọdún mẹ́wàá. Ó tún ní kò sẹ́ni tó ń sọ “ìtúnṣe”, àtúnṣe la ń sọ. Bí mẹkáníìkì bá tún mọ́tò ṣe tán, àtúnṣe ló fi lé ẹ lọ́wọ́. Nígbà tó ṣì wà lábẹ́ mọ́tò tí epo ń kán sí i lójú, títún mọ́tò ṣe ló ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ “títúntò” dípò “ìtúntò”, n kò ní bá a jà, torí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣì ń mí nínú rẹ̀. À- nìkan ni n kò fẹ́.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mo fi ń tìtorí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo gbaná jẹ. Ìdí ni pé bí ìjọba ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ni à- yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu dúró ní Eagle Square ní Àbújá, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ó ti lọ: ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti di nǹkan bíi 500. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, Báǹkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 kọjá 700 lójú ẹsẹ̀, nígbà tó sì máa fi di oṣù Kejì 2024, ó ti gun orí 1,500. Ìgbésẹ̀ ńlá méjì kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra wọn. Mi ò sọ pé kò yẹ kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ náà. Owó ìrànwọ́ yẹn ń jẹ owó ìlú run, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, epo wa ló sì kún inú ìgò lẹ́bàá títì ní Kútọnu tí wọ́n ń pè ní kpayo. Iye dọ́là méjì tó wà, ti báǹkì lọ́tọ̀, ti ìgboro lọ́tọ̀, ń sọ àwọn tó mọ ọ̀nà di olówó òjijì. Ó yẹ kó kúrò nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n tò? Owó oṣù tó kéré jù lọ wà lórí 30,000 náírà títí di ìparí oṣù Keje 2024, kó tó di 70,000. Ọdún kan ó lé oṣù méjì ni òṣìṣẹ́ fi ń fi owó àná ra ọjà òní. Ní oṣù Kẹwàá 2023 wọ́n ṣèlérí 25,000 náírà lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Kó tó kárí, wọ́n dá ètò náà dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nítorí ẹ̀sùn owó. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ló wá sẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn àgbà ti sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ Báǹkì Àgbáyé.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí Sáàpù (SAP, Structural Adjustment Programme), ètò tí ìjọba fi yí ọrọ̀ ajé padà. Oṣù Keje 1986 ni ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní yóò parí ní oṣù Kẹfà 1988. Ọdún méjì! À- náà ló wà lẹ́nu wọn nígbà yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986 wọ́n ṣí ọjà dọ́là tuntun, náírà tí dọ́là kan kò tó méjì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di mẹ́rin ó lé lọ́jọ́ kan. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fòpin sí bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ní agbègbè Oǹdó, mo sì lè sọ èyí tí ojú mi tó. Inú wọn dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Owó kòkó gbéra, àwọn tó ti pa oko tì padà sínú rẹ̀, páànù tuntun ń dán lórí ilé. Bàbá mi kò bú Sáàpù lọ́dún yẹn rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ará ìlú ńlá pa ìtàn yẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tí wọ́n tú ká, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń ra kòkó, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ kejì. Àwọn tó kàn ń wá ọ̀nà láti rí dọ́là wọ oko, wọ́n ń ra kòkó tí kò tíì gbẹ, wọ́n ń kó o lọ sókè òkun bẹ́ẹ̀. Orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní bàjẹ́ láàárín ọdún díẹ̀, àwọn olùrà lókè òkun sì ń san owó tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ fún un. Bàbá mi ní, “Wọ́n tú u, wọn ò tò ó.” Bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀ tú àti tò ju ọ̀pọ̀ àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ èdè lọ.

Lẹ́yìn ọdún 1988 ńkọ́? Ìrúkèrúdò gba ìgboro ní 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣáájú, ìgbà yẹn ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa fi tu aráàlú lójú. Nígbà tó di 1994, ìjọba Abacha yí gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n kan náírà mọ́ 22 sí dọ́là kan. Kó tó di ọdún kejì, iye rẹ̀ ní ìgboro ti ju ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lọ. Arábìnrin wa láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin bi wá pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wa kì í kọjá Sèmè, ibodè Nàìjíríà àti Benin. Ó jàre. Oṣù Kìíní 1994 yẹn gan-an ni wọ́n gé owó sẹ́fà (CFA) tí wọ́n ń ná ní Benin sí ìdajì, fáránsì Faransé kan tó jẹ́ sẹ́fà 50 di 100. Nínú oṣù kan náà, lábẹ́ ọ̀run kan náà, wọ́n kan owó mọ́lẹ̀ lápá ibí, wọ́n gé e lápá ọ̀hún, ọmọ Yorùbá kan náà ló ń ná méjèèjì ní ọjà Kétu ní Benin. Mo rọ̀ ọ́ kó bi àwọn àgbà ibẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti wà lẹ́nu wọn.

Torí àwọn tí kò lọ sí ìpàdé wa kankan ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó dúró. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé. Nígbà tí apá kò ká mọ́tò tuntun mọ́ láyé Sáàpù, àwọn èèyàn gbé orúkọ yẹn fún mọ́tò àlòkù tó bá ọkọ̀ ojú omi dé, kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀. Aṣọ àlòkù di bọ́síkọ̀rọ̀. Láyé tiwa, àwọn ọmọ tó ń sá kúrò nílùú fún wa ní jápa, gbogbo Nàìjíríà ló sì ń sọ ọ́, Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Ẹ fi wọ́n wé “ìléfòó”. Ohun tó léfòó, orí omi ló ń wà, kì í rì. Ta ló rí náírà lórí omi ní 2024? Èdè Gẹ̀ẹ́sì, “float”, ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó kàn wọ agbádá ni. Àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Èkó kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, ọjà ló ń dá iye lé e. Kí ló ṣe “ìjọ̀wọ́ náírà”?

Ọ̀wọ́ngógó náà kò ṣeé fọwọ́ sí. “Ó wọ́n” ń sọ ohun méjì: kò sí, tàbí ó wà ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ní ìparí 2022 a tò sórí ìlà epo láti ìdájí, ọ̀wọ́ngógó nìyẹn lóòótọ́. Ní ìparí 2024, epo wà, lítà kan sì ti lé ní 1,000 náírà. Ìyọnu ọ̀tọ̀ ni, oògùn rẹ̀ ọ̀tọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àjọ ìjọba tó ń ṣírò iye nǹkan, NBS, ní owó ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. “Ọjà gbówó lórí” ni ìyá alátà máa sọ, nítorí náà ìgbówólórí ni kí ó jẹ́. Orílẹ̀-èdè tó bá ń fi orúkọ kan pe àìsàn méjì, oògùn èyí ni yóò máa fún ìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí ibi tí ìtò ti wà díẹ̀. Òfin owó orí tuntun dé iwájú ilé aṣòfin ní oṣù Kẹwàá 2024. Àwọn gómìnà Àríwá kọ̀ ọ́, wọ́n jiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa pín owó orí ọjà, wọ́n yí i padà, ààrẹ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí oṣù Kìíní 2026. Ẹ lè má fẹ́ òfin náà. Ṣùgbọ́n àyè wà láti bínú kó tó dé, àyè wà láti múra sílẹ̀. Ká ní wọ́n ṣe ti epo bẹ́ẹ̀ ni, kí owó oṣù àti ọkọ̀ akérò ṣáájú, kí owó epo tẹ̀ lé e ní ìpele ìpele, kí ẹni tó bá gbàjọba lẹ́yìn wọn má lè fi ọwọ́ kan tú u bí 1994, n kò bá má jà fún ì- tó báyìí.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá èdè, òótọ́ ni. Yorùbá ni mo kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí kì í jẹ́ kí àmì ohùn kan sọnù ni mo sì ti kọ́ ọ. Tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ síbí, níbi tí gbogbo wa ti máa rí i.

Arákùnrin wa ní London, mò ń dúró de ìdáhùn yín lórí léfòó. Lórí à-, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó ní à- níwájú, tó ń dárúkọ iṣẹ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọdún tí kò tíì parí, tí àgbà ń sọ kí ilé ìwé tó dé. Tẹ́ ẹ bá rí i, màá ka àkójọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀.