Èsì lórí “ìlera ìbísí”, “ìtọrẹ àánú” àti àmì tó bọ́ lórí ẹ̀tọ́

Ọ̀kún o, gbogbo ilé.

Mo ti ka èsì yín lórí ìwé tí àwọn obìnrin Kàbà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjọba olówó òkè òkun, pé kí wọ́n má fawọ́ sẹ́yìn nínú owó tí wọ́n ń ná sórí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí káàkiri ayé. Èmi ni mo gbé ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá wá síbí pé kí ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó yẹ, èmi náà ni màá jẹ ìyà rẹ̀.

“Ìlera ìbísí” tí ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́kọ́ja dá lábàá fún “reproductive health” dùn létí, ó sì kúrú. Ní Sátidé mo kà á fún àbúrò ìyá mi ní Ìyàrá, níbi tó ti ń yan gààrí. Kò gbójú kúrò nínú agbada. Ó ní (mo tú u sí Yorùbá ìwé), “Ìbísí kẹ̀? Ọmọ mẹ́fà tí mo bí, ìjọba òyìnbó ní kò tíì tó?” Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ìbísí là ń fi ṣàdúrà fún ìyàwó tuntun, ìbísí náà là ń wí lórí ewúrẹ́. “Ìlera ilé ọmọ” kò burú, àmọ́ ọkùnrin kò ní ilé ọmọ, bẹ́ẹ̀ àtọ̀sí kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ẹ wo ohun tí orílẹ̀-èdè 179 fẹnu kò lé lórí níbi àpérò àgbáyé lórí iye ènìyàn àti ìdàgbàsókè ní Káírò lọ́dún 1994: kí ènìyàn lè bímọ, kó sì ní òmìnira láti pinnu bóyá òun yóò bí, ìgbà tí òun yóò bí, àti iye ìgbà. “Bóyá” ló wúwo jù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ “ìlera àti ẹ̀tọ́ lórí ọmọ bíbí”. Ẹ má yọ “lórí” kúrò o. “Ẹ̀tọ́ ọmọ bíbí” lásán lè di ogún àkọ́bí lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ sí “ẹ̀tọ́”. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí mo sin àbúrò mi lọ gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún, wọ́n lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi máàkà kọ ọ́: ETO OMO BIBI, OJORU. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ètò ni àbí ẹ̀tọ́. Ó wò mí bíi pé oòrùn ti pa mí. “Ètò ni, sà. Ẹ̀tọ́ báwo?” Ìgbà náà ló ní abẹ́rẹ́ ti tán, ká padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i. Àbúrò mi yọ káàdì rẹ̀, ó tún ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Ọjọ́ náà gan-an la wà. Ètò lè tán bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni yóò béèrè ẹni tó yẹ kó rà á tí kò rà á.

Ó wá ku “ìtọrẹ àánú”, tí ẹ̀yin ará Yàgbà ń jà fún pé ká fi pe owó tí àwọn ìjọba náà ń fi ránṣẹ́. Mo mọ ibi tó ti wá. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dún 1908, ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run la ti mọ oore òkè òkun sí, ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ́rìí. Àmọ́ owó orí ni ìjọba fi ń ṣe tirẹ̀, àwọn aṣòfin ló ń fọwọ́ sí i. Ní Káírò kan náà, wọ́n pín ìnáwó: àwa orílẹ̀-èdè tí kò lówó yóò gbé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìdá kan tó kù yóò ti òde wá. Tí ẹbí bá fẹ́ sìnkú, tí wọ́n bu iye kan fún ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó, tó gbà, tó sì gbé e wá, ta ló ń pè é ní ìtọrẹ? Ìdáwó ni. Bí kò bá gbé e wá, gbèsè ló jẹ.

“Àáró àgbáyé” tí ọ̀dọ́kùnrin Mọ̀pà mú wá wù mí, mo rò ó mọ́jú. Ṣùgbọ́n nínú àáró, bí mo bá ro tìrẹ lónìí, ìwọ náà á ro tèmi lọ́la. Ìgbà wo la máa lọ ro oko Amẹ́ríkà?

Òfin Amẹ́ríkà ti 1984 tí wọ́n ń pè ní “global gag rule” náà ń wá orúkọ ní Yorùbá. Ó ní ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ń gba owó ìfètò-sọ́mọ-bíbí òun kò gbọdọ̀ ṣẹ́yún fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí tàbí polongo rẹ̀, ìbáà jẹ́ owó ibòmíì ló fi ṣe é. Ààrẹ Democrat á pa á tì, ti Republican á gbé e dìde; Trump tún gbé e dìde ní oṣù Kìíní ọdún 2025. “Òfin ìdínilẹ́nu” ni tèmi, kì í ṣe “ìpanilẹ́numọ́”. Aláriwo là ń pa lẹ́nu mọ́. Nọ́ọ̀sì tí aláìsàn bi ní ìbéèrè, tó mọ èsì rẹ̀, tí kò lè sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n dí.

Ẹnìkan ní kí la tún ń tú ìwé sí, nígbà tí USAID, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣèrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, ti kógbá wọlé lóṣù Keje ọdún 2025. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ló lọ sí Káírò.

Nítorí náà, ní ìlà kìíní ìwé náà, ẹ bá mi yọ “àwa ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀”, kí ẹ fi “àwa tí a jọ dá owó yìí ń béèrè” sí i. Ẹ̀yin ará Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé ni ìwé náà ń kúrò ní Kàbà.