Oko kòkó tó ti di igbó rí: ẹ̀rí wo ni mo lè fi hàn?
Ẹ ǹlẹ́ o. Bàbá wa àgbà ló dá oko yìí nítòsí Ìdànrè, láyé bọ́ọ̀dù kòkó, àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ìjọba tú ká ní 1986. Àwọn ọmọ gba Èkó lọ, igbó bò ó. Ní 2022 ni mo ṣán an, mo tún kòkó gbìn. Ẹni tó fẹ́ rà á ní òfin Yúróòpù kò gba kòkó orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 2020. Àwòrán sátẹ́láìtì kí n tó ṣán an sì rèé, igbó kìjikìji! Mo fi fóònù rìn yí ààlà ká láti ya máàpù rẹ̀, torí òfin náà ń béèrè bẹ́ẹ̀ fún oko tó ju hẹ́kítà 4 lọ. Lábẹ́ igi, fóònù ní inú odò ni mo wà. Rìsíìtì kòkó bàbá ṣì wà, bí ikán tilẹ̀ ti jẹ etí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú èyí pàdé, ẹ̀rí wo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín pé oko ni, kì í ṣe igbó?