Ṣé ara ìyá mi ń gba ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń mu yìí?

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Orúnkún ń dun màmá mi, ẹni ọdún 68, ó sì ti pé oṣù méjì báyìí tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa (turmeric) mọ́ omi gbígbóná láràárọ̀, ṣíbí kékeré kan, nítorí wọ́n gbọ́ pé èròjà curcumin inú rẹ̀ ń dẹ ìrora oríkèé. Ohun tí mo rí tó yí padà kò ju ife wọn lọ, tó ti pọ́n kọjá fífọ̀. Ẹnì kan ní Kútọ̀ tún ní kí wọ́n ra oníkóró tí wọ́n fi piperine, èròjà inú iyèré, sí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé ohun tí wọ́n ń gbé mì yìí tilẹ̀ ń dé inú ẹ̀jẹ̀? Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o.

Apòògùn Ìdí-Aba: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Díẹ̀ báyìí ló ń dé ibẹ̀. Nínú 100 gíráàmù ìyẹ̀fun yẹn, curcumin kì í sábà ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yọ́. Èyí tó bá sì ráyè wọ ara ìfun, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á yára yí i padà kí ara lè tì í jáde, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù á bá ìgbẹ́ lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, àwọn tó gbé gíráàmù 8 mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá, wọn kò rí curcumin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ìyá Eléèlò, Láfẹ́ńwá: Ọmọ mi, omi lásán kọ́ là ń fi í sè. Ẹ fi í sínú ọbẹ̀ tó ní epo, kí ẹ sì lọ iyèré díẹ̀ mọ́ ọn.

Apòògùn Ìdí-Aba: Òótọ́ ni màmá sọ, nítorí piperine wà nínú iyèré náà. Ní 1998, àwọn olùwádìí ní Íńdíà fi 20 milligíráàmù piperine kún gíráàmù 2 curcumin, iye tó wọ ẹ̀jẹ̀ sì di ìlọ́po 20. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 20 ohun tó kéré jọjọ ni. Ọ̀nà tí piperine sì ń gbà ṣe é ni pé ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ ìyípadà yẹn, èyí tó lè mú kí oògùn mìíràn náà pẹ́ nínú ara ju bó ti yẹ lọ. Ti inú ọbẹ̀ kò bà mí lẹ́rù; oníkóró yẹn ni mo ń sọ, nítorí a ti rí àwọn tí irú rẹ̀ ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó ní òkúta nínú àpò òróòro, kò gbọdọ̀ dá a lò. Ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wá kí a wò ó kí ẹ tó náwó.

Ọmọ Ìbarà: Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Mo ti ní kí wọ́n dá oníkóró yẹn dúró, màá sì kó oògùn wọn wá lọ́jọ́bọ̀. Ti omi gbígbóná nìkan ni wọn kò gbà láti fi sílẹ̀. Wọ́n ní ó ń la àwọn lọ́fun.