Ta ló ti gun òkè Meall Fuar-mhonaidh ní Scotland rí?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Inverness
Ben Nevis, òkè tó ga jù ní Scotland, ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Èmi lọ sí Meall Fuar-mhonaidh lẹ́bàá adágún Loch Ness ní Sátidé, mítà 699. Grotaig ni mo ti gbéra. Èèyàn méjì àti ajá kan ni mo pàdé láti àárọ̀. Inú igbó lẹ máa kọ́kọ́ gbà, ẹ ó gun àtẹ̀gùn fo ọgbà wáyà tí wọ́n fi ń dá àgbọ̀nrín dúró, ó di gbalasa. Mo rí òkìtì òkúta lókè, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi pé mo ti dé. Àṣé òkè gan-an ṣì wà níwájú! Ẹ̀yin ńkọ́?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Òkìtì yẹn! Ó ti tan èmi náà jẹ.

Ìyá Ìbejì, Glasgow
Ẹ ò dárúkọ kantíkantí. Oṣù Keje la lọ. Bí afẹ́fẹ́ ṣe dáwọ́ dúró báyìí, wọ́n bò wá. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo gbé lọ, kantíkantí inú ẹ̀ pọ̀ ju ata lọ. Bàbá Ìbejì ní ẹran ni, kí n jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Inverness
😂😂 Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì o.

Adé Aberdeen
699? Kò tó òkè tí wọ́n ń pè ní Munro. Munro gbọ́dọ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000. Graham lásán nìyẹn, ìyẹn òkè tó kéré sí Munro.

Ìyá Ìbejì, Glasgow
Lásán kẹ̀? Adé, wá fẹsẹ̀ tẹ irà ibẹ̀. Bàtà ọmọ mi kan ṣì wà nínú ẹ̀ títí di òní.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ̀ ń pariwo òkè. Àwọn babańlá tiwa, orí òkè ni wọ́n ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Ẹni tó ń gbé orí òkè ò gun òkè, ilé ló ń lọ.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ ka àkàsọ̀ Ìdànrè kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Màmá Tóyìn
Ẹ gun òkè, ẹ ò gbàdúrà?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Inverness
Mo gbà á, Mà. Ìkùukùu bò mí, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Nígbà tó ká, Loch Ness tẹ́ gbọọrọ nísàlẹ̀ bí ọ̀já, mo tún rí Ben Nevis lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò lè sọ ọ́ tán.

Adé Aberdeen
Ẹ wá rí ẹranko abàmì tí wọ́n ní ó wà nínú omi Loch Ness yẹn?

Ìyá Ìbejì, Glasgow
Kantíkantí ló máa rí.

Màmá Tóyìn
Bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Rárá, Mà. Drumnadrochit ló já wa sí, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀nà yẹn ga o!