Ta ni yóò rọ̀ lọ́rùn? Lórí “àkọrọ̀” àti àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀. Àbúrò wa kan tó ń ṣàlàyé àríyànjiyàn tó wà lórí bí a ṣe lè mú àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì (ìlànà bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀) rọrùn ti dá ọ̀rọ̀ tuntun kan sílẹ̀, àkọrọ̀, ó sì ní kí gbogbo wa máa lò ó dípò “ìmúrọrùn àkọtọ́”, nítorí pé ó kúrú, ó sì bá àkọtọ́ dọ́gba létí. Mo mọyì ìgbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á.

Ní Kétu tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àkọ́rọ̀ ni òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá bàbá mi kì í fi irúgbìn kan ilẹ̀ kí àkọ́rọ̀ tó dé, a sì máa ń mọ̀ ọ́n láti inú òórùn ilẹ̀ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan orí páànù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pe “àkọrọ̀” níwájú irú àgbà bẹ́ẹ̀, oko ni ọkàn wọn yóò lọ. Àbúrò wa fèsì pé àmì ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni mélòó nínú wa ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó ń kọ lójoojúmọ́?

Rọ̀ tó fi parí ọ̀rọ̀ náà ló dùn mí jù. Iṣu a máa rọ̀, òjò a máa rọ̀, a sì máa ń rọ ẹni tí inú ń bí pé kó ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ “rọrùn” nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ a di ti àárín, ìpajẹ (pípa fáwẹ́lì kan jẹ) a sì wáyé: gbà pẹ̀lú owó di gbowó, rọ̀ pẹ̀lú ọrùn di rọrùn. Ẹnìkan ti sọ pé ọ̀run ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọrùn, ṣùgbọ́n ohùn ìparí ọ̀rọ̀ náà kò gbà bẹ́ẹ̀, “ó rọ̀ mí lọ́rùn” sì ń jẹ́rìí. Ọrùn ẹnìkan ni ìrọ̀rùn máa ń wà. Ẹni tó bá gé ọrùn kúrò, tó sì fi rọ̀ nìkan sílẹ̀, ti gé ìbéèrè tí àríyànjiyàn yìí dá lé gan-an kúrò: ta ni àkọtọ́ tuntun yóò rọ̀ lọ́rùn?

Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí ough nínú through, though, tough, cough àti bough, kò sì sí méjì nínú márààrún tí wọ́n ń pè bákan náà. Lẹ́tà b inú debt, tí ẹnikẹ́ni kì í pè, àwọn ọ̀mọ̀wé ló fi kún un kí a lè rántí debitum ti Látìnì, bẹ́ẹ̀ dette ni àwọn Faransé tí Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn ń kọ. Ọmọ yìí ni àtúnṣe yóò rọ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogójì ọdún kàwé ńkọ́? Noah Webster, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, yọ u kúrò nínú colour, Amẹ́ríkà gbà. Ó ní kí wọ́n máa kọ tongue ní tung, wọ́n kọ̀. Ní 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ pé kí ilé ìtẹ̀wé ìjọba máa lo àkọtọ́ tuntun fún 300 ọ̀rọ̀, ọdún náà kò sì tíì parí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ní àwọn kò fẹ́. Ìwé ìròyìn Chicago Tribune bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1934, ó ń kọ tho àti thru, ó sì pa wọ́n tì ní 1975. Ẹnu ta ni wọn ìbá tilẹ̀ tẹ̀ lé, nígbà tí ará Scotland ń pe r inú car, tí ará Lọ́ńdọ́nù kì í sábà pè é?

Àwa tí a wà ní Bẹ̀nẹ̀ mọ ìṣòro yìí ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ìgbìmọ̀ ní Nàìjíríà sọ aiye di ayé, ó sọ enia di ènìyàn ní 1974. Ní 1975 ìjọba tiwa náà gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008: ɛ, ɔ, sh, kp dípò ẹ, ọ, ṣ, p. Ìkpàdé ni ìpàdé, ɛshin ni ẹṣin. Èyí rọ ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń ka Gùn àti Yorùbá lọ́rùn, nítorí lẹ́tà kan náà ló ń bá pàdé nínú méjèèjì. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìyá ọlọ́jà kan gbé Bíbélì rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà wá bá mi, ó fi ìka sórí p, ó sì bi mí pé, “Olùkọ́, ta ló ṣì í kọ, ẹ̀yin ni tàbí Bíbélì?” Ó ti pé ọdún púpọ̀, n kò sì tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn láti fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe dúró lórí “ìmúrọrùn àkọtọ́”. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ọrùn ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú àríyànjiyàn wa lórí àkọrọ̀, mo tún ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àbájáde ni àfòmọ́ à- tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, pé kò lè dúró fún ìgbésẹ̀ mímú nǹkan rọrùn. Bàbá wa kan láti Ṣábẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà “àṣejù”, tí òun náà ní à-, já mi nírọ́. Ìwà ni mo pe àṣejù, wọ́n ní ìṣe ni. Àwa méjèèjì kò tíì gbà fún ara wa.