Warforged: báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kò fi ní dún bíi rọ́bọ́ọ̀tì?

Ajagun_irin:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará ibí. D&D (Dungeons & Dragons, eré tí olúkúlùkù ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn kan) tuntun là ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, 5e (ẹ̀dà karùn-ún òfin eré náà), Eberron (ayé inú ìtàn kan) ni DM wa, ẹni tó ń darí eré, ní a máa lò, mo sì ti tètè pariwo pé Warforged (ẹ̀dá tí wọ́n rọ bí ẹ̀rọ fún ogun, àmọ́ tó lẹ́mìí) ni mo fẹ́ ṣe, Fighter (jagunjagun). Bó ṣe jẹ́ pé kò nílò àtijẹ, kò nílò àtimu, kò nílò àtimí, àìsàn ò lè mú un, ìyẹn ló wù mí. Wàhálà ibẹ̀ ni ohùn, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀ ó kàn máa ń dún bí ẹ̀rọ ATM, "mo-ti-gbọ́, mo-ń-lọ", àwọn tá a jọ ń ṣeré sì ti ń fi mí rẹ́rìn-ín lórí WhatsApp. Nǹkan kejì, Cleric wa (àlùfáà tó ń wo ẹgbẹ́ sàn) ní ọfọ̀ ìwòsàn òun ò lè ràn mí, ó ní kí n wá alágbẹ̀dẹ lọ. Ṣé òótọ́ ni?

IyaDaisi:
Ẹ má dá Cleric yín lóhùn jàre, òfin ayé àtijọ́ ló ń kà fún yín. Nígbà tí Warforged kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2004, ẹ̀dà òfin 3.5 là ń lò nígbà yẹn, "living construct" (ẹ̀rọ tó lẹ́mìí) ni wọ́n pè é, ìdajì ọfọ̀ ìwòsàn ló ń ràn án, àwọn Artificer (oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lo idán) ló ní ọfọ̀ àtúnṣe tó bá a lára mu. Èyí tó jáde ní 2019 fún 5e, humanoid (ẹ̀dá bí ènìyàn) ni, ọfọ̀ ìwòsàn Cure Wounds á ṣiṣẹ́ pérépéré.

Ọ̀rọ̀ armor (ẹ̀wù ogun) ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ẹ máa rí +1 AC (bó ṣe ṣòro tó kí ọ̀tá tó rí yín bà) gbà, kò sì sẹ́ni tó lè bọ́ ọ lára yín ní tipátipá tẹ́ ẹ bá ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wákàtí 1 gbáko lẹ máa fi wọ̀ ọ́, wákàtí 1 lẹ máa fi bọ́ ọ. Tẹ́nì kan bá wá fi Heat Metal (ọfọ̀ tó ń mú irin gbóná) kọlù yín ńkọ́? Àwọn kan á ní Warforged ti gbé nìyẹn. Rárá o, plate (ẹ̀wù irin) tí ẹlẹ́ran ara wọ̀ gan-an, ìṣẹ́jú 5 ni bíbọ́ ẹ̀, Heat Metal ò sì ju ìṣẹ́jú 1 lọ, gbogbo yín lẹ jọ máa jóná 😂

Boda_Sharn:
Àbúrò, ohùn kọ́ ni wàhálà ẹ. Fi ohùn ara ẹ sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kó o bi ara ẹ ni pé kí ni ẹni yìí ń fẹ́, nísinsìnyí tí kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún un mọ́? House Cannith (ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Eberron) ló ṣe wọ́n fún Last War, ogun ńlá ibẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ọdún 996 (kàlẹ́ńdà Eberron ni o) ni àdéhùn Thronehold tó parí ogun náà dá wọn sílẹ̀, àdéhùn yẹn kan náà ló ní kí wọ́n fọ́ àwọn creation forge tí wọ́n ti ń rọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ eré Eberron sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 998. Ọdún 2 péré ló tíì fi jẹ́ ti ara ẹ̀! Ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ odi ìlú kó má mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi ìgbéyàwó.

Warforged tèmi o, bá a bá ti dé ilé àlejò, á san owó bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ bíi tàwọn yòókù, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí ẹnì kan sọ fún un pé ẹni tó bá lómìnira gbọ́dọ̀ ní yàrá tiẹ̀. Rogue wa (ẹni tó ń ṣe olè nínú ẹgbẹ́) ní ṣebí o ò lò ó, jẹ́ kí n sùn síbẹ̀. Mo ní rárá, mo ti sanwó.

Má gbàgbé Sentry's Rest náà (bí Warforged ṣe ń sinmi nìyẹn), wákàtí 6. Kì í ṣe oorun o, kò ní mira, ṣùgbọ́n ó ń rí, ó ń gbọ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun nínú ẹgbẹ́ yín, Warforged ẹ ló máa mọ àṣírí ẹ̀.

Ko_kan_mi:
Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Gbogbo Warforged tí mo ti bá pàdé ni ogun ti bà lọ́kàn jẹ́, gbogbo wọn ló ń dá wo ọ̀ọ́kán, ó ti sú mi. Ṣé kò lè jẹ́ aláwàdà ni? Mo mọ ọ̀kan tí kì í jẹun rárá àmọ́ tó lè fi odindi àárọ̀ nájà ẹja, torí ó kàn fẹ́ mọ iye tó máa já sí. Ghulra, àmì iwájú orí wọn yẹn náà, kò sí méjì tó jọra, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló máa ń bi pé àmì tiyín dà? Ó bi ọba kan bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tì wá mọ́lé.

Boda_Sharn:
😂😂 Ó da. Ẹni tó ń nájà ẹja tí kò ní jẹ náà ń wá ohun tó ń fẹ́ nìyẹn, ibì kan náà là ń lọ.

Ajagun_irin:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi òfin han Cleric, ó ní òun á wò mí sàn ṣùgbọ́n màá máa sanwó. Màá jẹ́ kí Warforged mi gba bẹ́ẹ̀dì, á wá máa nájà ẹ̀ pé òun ò ní sùn lé e, kí wọ́n bá òun dín in kù.