Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n fi fọ rímù ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ kò fi ní bó?

Awakọ̀ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ohun dúdú kan ti lẹ̀ mọ́ rímù alumíníọ́mù ọkọ̀ mi, omi àti ọṣẹ kò sì ká a. Ẹni tó ń bá mi fọ ọkọ̀ ní áásìdì ni òun máa fi sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí ni kí n lò?

Àgbà Mẹkáníìkì: Ẹ má jẹ́ kí áásìdì kàn án rárá. Ohun dúdú yẹn kì í ṣe eruku títì lásán. Ẹ̀rúnrún irin wà nínú rẹ̀, èyí tó ń já bọ́ nígbà tí páàdì bíréékì bá ń ha dísíkì, ìyẹn àwo irin tó ń bá táyà yí, ó sì máa ń gbóná débi pé ó ń wọnú ọ̀dà lọ, tí yóò sì dípẹtà síbẹ̀. Áásìdì yóò ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ ọ̀dà gaara tí wọ́n fi bo rímù náà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ náà á máa dán, bó bá yá ni yóò wá funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lásìkò ọyẹ́. Ẹ béèrè iron remover, ìyẹn oògùn ìfọ̀ tó ń yọ ẹ̀rúnrún irin, èyí tí kò ní áásìdì: bí ẹ bá ti fọ́n ọn, yóò bá irin náà pàdé, yóò sì máa ṣàn wálẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Òórùn rẹ̀ burú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ìyá Ọlọ́kọ̀: Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó bo rímù yín. Ẹ fọ ibi kọ́lọ́fín kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ dáadáa, kí ẹ fi aṣọ funfun àti ìpara ìdánrin díẹ̀ ra á. Bí aṣọ náà bá dúdú, alumíníọ́mù tí kò ní ọ̀dà ni, ọṣẹ ìfọkọ̀ nìkan sì ni kí ẹ fi fọ ọ́. Bí kò bá dúdú, ọ̀dà gaara wà lórí rẹ̀, ẹ lè lo iron remover náà.

Ọmọ Ìlọrin: Epo òyìnbó àti kànìnkànìn onírin ni wọ́n ń lò ládùúgbò wa, ó sì ń mọ́.

Àgbà Mẹkáníìkì: Ẹ jọ̀ọ́, kànìnkànìn onírin ń ha ọ̀dà ni. Epo òyìnbó wúlò fún ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, bó bá ta sí rímù, díẹ̀ lára àkísà, kí ẹ sì fi ọṣẹ ṣàn án kúrò kíá, nítorí ó ń ba rọ́bà táyà jẹ́. Ọṣẹ tó ní kọ́sítíìkì náà kò dára, alumíníọ́mù gan-an ni ó ń jẹ.

Awakọ̀ Bódìjà: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè fọ ọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé?

Ìyá Ọlọ́kọ̀: Rárá o, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátá, kí ẹ sì wá ibòòji, nítorí bí oògùn ìfọ̀ bá gbẹ mọ́ ọn, yóò dá àbàwọ́n sí i. Rímù kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ fọ, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí korobá rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rọra wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí ẹ máa tẹ bíréékì kí omi ara dísíkì lè gbẹ, kí ẹ tó bọ́ sí òpópónà.